Oko Tí Bàbá Àmì Rà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: kò sẹ́ni tó ní kí Bàbá Àmì má ra ọkọ̀. Ẹni tó bá wù kó fi owó rẹ̀ ra ejò, kó rà á, ṣebí ilé ara rẹ̀ ni yóò gbé e lọ. Ohun tá a bá a fà ni àmì. Àmì mẹ́ta péré ló yẹ kó fi sí ọ̀rọ̀ kan, kò fi í, bẹ́ẹ̀ ó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n wà ju gbogbo wa lọ.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Bàbá Àmì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo ti kọjú sí ògiri, tó ń ka ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bírò pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, rúlà lọ́wọ́ òsì. Á gbé rúlà sábẹ́ ìlà kan, á kà á, á tún sún un wá sí ìlà kejì, kí ojú má bàa fò. Tẹ́ ẹ bá kọ "ọwọ́" tẹ́ ẹ gbàgbé àmì orí rẹ̀, á ránṣẹ́ pè yín, á bi yín bóyá ìgbálẹ̀ lẹ ní lọ́kàn. Ojú tì yín títí dé ilé nìyẹn. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹnì kan kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí i. Ó dá lẹ́tà náà padà fún onítọ̀hún, ó ti fún un ní máàkì: márùn-ún nínú mẹ́wàá. Irú èèyàn tí à ń sọ nìyẹn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kó fi bírò sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Ó gbé e wálé nínú àpò àyà, ó wá di pé gbogbo àdúgbò ló ń bá ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Pátákó onígbàjámọ̀, ìwé ìkìlọ̀ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ akẹ́rù, kò sí èyí tó yọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù pàápàá, àmì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a fi lẹ́tà alámì sórí fóònù náà, ó sì ti ń kábàámọ̀ ọ̀hún láti ọjọ́ náà, nítorí bàbá rẹ̀ kì í dáhùn ìkíni tí kò bá lámì.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ìyá wọn ni bàbá ń pè é, Ìyá wọn náà ni èmi ó máa pè é. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, maṣíìnì dúdú ẹlẹ́sẹ̀ kan sì wà lójú fèrèsé níbẹ̀ tí àtẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti dán nítorí ẹsẹ̀. Ìyá wọn yìí, nígbà kan rí, á máa bá ẹ sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á sì ti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwò ó. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó ń fi itọ́ pa òwú lẹ́ẹ̀márùn-ún, abẹ́rẹ́ ò gbà. Ó ti rán apá òsì ẹ̀wù mọ́ ti ọ̀tún rí, oníbàárà sì fi ìbínú lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló wá ń wá láyé: oko kékeré kan, kò ní kó fẹ̀, tó ní kànga àti ilé adìẹ. "Adìẹ ò ní kí n ki òwú bọ òun lójú," ló máa ń wí. "Màá jí láàárọ̀, màá fi ọwọ́ wá ẹyin nínú kòríko, ọwọ́ ò nílò ojú." Owó ìfẹ̀yìntì bàbá àti owó abẹ́rẹ́ ìyá ló jọ wà nínú àpò kan ní báńkì fún un. Aránṣọ kan ní òpópónà kejì ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kó ta maṣíìnì náà fún òun. Èsì kan náà ló ń gbọ́: "Ọjọ́ tí oko bá di tiwa, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kó o wá gbé e." Bàbá ló wá gbé ìwákiri oko lọ́wọ́. Ìyá wọn ò tilẹ̀ ní kí òun bá a lọ wò ó. Ó ní, "Ojú tó ń rí àmì abẹ́ lẹ́tà, ṣé kànga tó gbẹ ni ò ní rí? Ojú yín ni mo fi ń ríran báyìí, Bàbá wọn."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn o.

Ó wá ṣe ní ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá Àmì lọ ra búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ní pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn èèyàn máa ń lẹ ìwé mọ́: yàrá wà, ajá sọnù, ẹ bá wa wá ọmọ ọ̀dọ̀. Bàbá sì ní láti ka gbogbo rẹ̀, ó di dandan. Páálí kan wà láàárín tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, láìsí àmì kan bó ti wù kó kéré mọ:

OKO WA FUN TITA. ODUN MOKANLA NI MO FI TO O. KO SI WAHALA NINU RE. MO N TA A NITORI EYIN.

Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ibi tí ilé wà sí, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bàtà.

Ọkàn bàbá fò sókè. Oko wà fún títà! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́ ọ! Ẹni tó ń tọ́ oko bí ẹni tọ́ ọmọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kéèyàn rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń tà á nítorí ẹyin! Áà, adìẹ ń yé lọ́tùn-ún, wọ́n ń yé lósì, ẹyin ti pọ̀ ju ohun tí bàbá arúgbó kan lè kó lọ. Ó yọ bírò pupa níbẹ̀, ó fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe yé e, ó fi àmì òkè sórí "tọ́", ó fi àmì sábẹ́ "ẹyin", ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀ láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò ṣi àmì fi rí ní gbogbo ayé rẹ̀ tó ti ọjọ́ yẹn.

Ó délé, ó ròyìn. Ìyá wọn pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹyin ló pọ̀ jù fún un? Kó jẹ́ kí tèmi náà pọ̀ jù!" Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, tó ń gbé ní ilé kẹta sí wọn, tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ tó fi ń gún wa lọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun á bá a wá kíréètì tí wọn ó máa kó ẹyin sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá wọ bọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bàtà, nítorí ọkọ̀ tirẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Ọkọ̀ eléérú kan ni, ilé ìtẹ̀wé ló tà á fún un lọ́jọ́ tí wọn ò fẹ́ ẹ mọ́, títí tó fi kú ló ń rùn bíi tàdáwà. Òun nìkan ni ọkọ̀ tó ní láyé, ó sì ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Ẹni tó bá níbẹ̀ jẹ́ púlọ́mbà tó ti ń dàgbà, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà àká, tó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí. Bàbá Àmì rò pé ìgbéraga ni.

"Ẹ kúulé o. Oko ni mo wá wò."

Púlọ́mbà wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sórí bírò pupa tó wà lápò. "Ẹ̀yin lẹ lọ kọ nǹkan sórí ìwé mi, àbí?"

"Èmi ni. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

"Kí n dúpẹ́ kẹ̀! Ẹni mẹ́ta ló ti wá béèrè adìẹ lọ́wọ́ mi láti àná. Obìnrin kan gbé agbọ̀n wá! Ọkọ̀ ni mo ń tà, bàbá. Ọ-kọ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí táyà."

"Ohun tẹ́ ẹ kọ kọ́ nìyẹn. Oko lẹ kọ."

"Ẹ̀yin lẹ kà á bẹ́ẹ̀."

"Èèyàn kì í ka ohun tí kò sí níbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni! Tó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ ní lọ́kàn, àmì abẹ́ ọ méjèèjì dà? Àmì dò tó yẹ kó wà lórí èyí tó gbẹ̀yìn ńkọ́? Àmì mẹ́ta ni! Ẹni tó bá fi àmì mẹ́ta sílẹ̀ ti pa irọ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀."

Ẹ ò rí nǹkan? Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ o. Ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ó tún fẹ́ béèrè ìbéèrè kan tó kù: tí kò bá sí oko, tí kò sí adìẹ, eyin wo lẹ wá ń tà á nítorí rẹ̀? Ó ti la ẹnu báyìí. Púlọ́mbà ní, "Ẹ kúkú wò ó kẹ́ ẹ tó lọ, a kì í gbowó ìwòran," ó sì fa aṣọ tí wọ́n fi bo kiní náà kúrò. Ìbéèrè kú sẹ́nu bàbá.

Ọkọ̀ ni lóòótọ́. Pupa, ó gùn nímú, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé ajá lè ṣíjú wò ó láti òkè. Ìjókòó méjì péré, kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, ńṣe lèèyàn máa gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń ta irú ọkọ̀ eré bẹ́ẹ̀ ní wẹ́wẹ́ nínú àpótí, pẹ̀lú ìwé tó ń sọ pé irin yìí níbí, nọ́ọ̀tì yìí lọ́hùn-ún, ẹni tó bá rà á ni yóò tò ó fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀ ògbólógbòó kan. Ọdún mọ́kànlá ni púlọ́mbà fi tò ó, iṣẹ́ púlọ́mbà sì hàn lára rẹ̀: páìpù epo rẹ̀ tẹ̀ bíi ti abẹ́ bésìnnì, orí jíà rẹ̀ sì jẹ́ orí ẹ̀rọ omi, ti omi gbígbóná, ó ṣì ní òrùka pupa lọ́rùn.

"Nǹkan kan ṣoṣo ni mi ò tíì rí yanjú," púlọ́mbà wí. "Tẹ́ ẹ bá tan iná ìyàsósì, fèrè ló máa dún. Títí tẹ́ ẹ fi máa yà tán ló máa dún. Ẹ kàn máa yà sí ọ̀tún."

Tó bá jẹ́ ìwé ni, bàbá ì bá ti fi bírò fa gbogbo rẹ̀ ya. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ó wọlé ní ìpín mẹ́ta: ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdí, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ òsì tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọlé bí ẹni gbé ẹrù ẹlòmíì. Ó di sítíárì mú. Ẹ́ńjìnnì ké, ilẹ̀ gbọ̀n, gbogbo eegun àyà rẹ̀ sì gbọ̀n pẹ̀lú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó fi dojú kọ ògiri yẹn, ó dà bíi pé ẹnì kan wó ògiri náà lójijì. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní bá mi wọlé ká jọ yí i ká?" ó bi púlọ́mbà.

"Rárá o! Ìjókòó kejì, ìyàwó yín ló ni ín." Púlọ́mbà ò gbé ọwọ́ kúrò ní ìbàdí. Ẹni tó ń rí àmì tó sọnù lójú ewé ìwé kan, kò rí i pé ẹni tó to ọkọ̀ yìí ò gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀.

Ó wà á yí ilé-iṣẹ́ bàtà ká, apá ọ̀tún nìkan. Wọ́n ní ohun tí àgbàlagbà bá rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi. Ohun tí Bàbá Àmì rí lórí ìjókòó yẹn ni abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn òṣìṣẹ́ bàtà tó jáde wá gbatẹ́gùn nawọ́ sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní, "Ẹ wá wo bàbá tó wọ bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan!" Ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kó gbọ́ ọ, ẹ̀rín nìkan ló rí, ó sì juwọ́ sí wọn bí ọba.

Nígbà tó padà dé, kò sọ̀ kalẹ̀. Ká ní ó sọ̀ kalẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Orí ìjókòó ló ti tẹ fóònù, owó oko ti kúrò ní báńkì. Orí ìjókòó ló ti fọwọ́ sí ìwé, ó sì tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe nínú ìwé ọ̀hún.

Ó wá ku ẹnì kan tó yẹ kó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ìyá wọn. Mo ti ra. Ọwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ tó kàn gba àmì mẹ́ta, méjì lábẹ́, ọ̀kan lórí. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí fóònù yẹn, ó sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́ títí kan ẹ káàárọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ rababa lókè wọn. Ó ronú kan Ìyá wọn, ó ronú kan abẹ́rẹ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìkánjú ni. Ó ní òun á ṣàlàyé tóun bá délé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́:

Mo ti ra oko.

Ẹ tún un kà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó ń fẹ́ àmì. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló kọ ọ́, Ìyá wọn ì bá pè é padà, ì bá bi í pé èwo nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Àmì ló ti wá. Tí Bàbá Àmì bá kọ oko, oko ni.

Èsì dé wàrà: OLORUN SEUN O! ADIE MELO LO WA NIBE?

Ó dáhùn: Mò ń bọ̀. Àmì pé sórí ìyẹn.

Ọ̀nà jìn, nítorí ọ̀tún nìkan ló ń yà. Láàárín wákàtí méjì yẹn, Ìyá wọn ò jókòó. Ó ránṣẹ́ sí aránṣọ òpópónà kejì, ó ní ọjọ́ pé. Ọkùnrin méjì wá, wọ́n gbé maṣíìnì dúdú kúrò lójú fèrèsé, ibi tó wà sì hàn gedegbe lórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ní ó nu maṣíìnì náà kó tó lọ, ó dárúkọ ìyá rẹ̀ tó rà á fún un, ó sì sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọ ojú, tó jáde síta, kíréètì ẹyin méjì lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa aládùúgbò náà sì wà níbẹ̀, kí la tún ń ṣe nílé?

Kò sí bí èèyàn ṣe lè dé òpópónà wa láìyà sí òsì. A gbọ́ fèrè kí a tó rí nǹkan kan. Páàà! Kò dáwọ́ dúró. Àwọn èèyàn sá kúrò lọ́nà, wọ́n rò pé ọkọ̀ aláìsàn ni. Lẹ́yìn náà ni kiní pupa kan yọ lábẹ́ ojú wa, orí Bàbá Àmì nìkan ló hàn, irun funfun rẹ̀ ti dúró gbagidi. Ó dúró sí iwájú ilé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá wọn wo ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ìjókòó. Ẹ má rẹ́rìn-ín, adìẹ ló ń wá.

"Bàbá wọn, ta ló yá yín ní kiní yìí? Oko náà dà?"

"Òun nìyí."

"Òun wo?"

"Ohun tí mo rà. Mo sọ fún ẹ. Mo ti ra ọkọ̀."

 Ìyá wọn yọ fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. "Ojú mi ò dáa," ó ní. "Ẹ bá mi wá àmì rẹ̀ níbí. Méjì lábẹ́, ọ̀kan lórí, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ kọ́ mi? Ẹ bá mi fi ọwọ́ tọ́ka sí i."

"Ìkánjú ni, Ìyá wọn. Ìwọ lo kà á sí oko."

"Mo ti gbé maṣíìnì mi fún wọn." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, mo gbé maṣíìnì ìyá mi fún wọn."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá. Ó ní kí òun dìde wá bá a, kí òun dì í mú. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì fi igbe ta: "Yéè! Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn mi o!"

"Ẹyin?" Ẹ̀gbọ́n gba kíréètì lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e síwájú bàbá. "Ẹ kó o síbí, ṣebí òun la ti ń dúró dè láti àárọ̀."

Ibẹ̀ ló ti yé e. Nínú ìrora yẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú àti ẹsẹ̀ kan lókè, Bàbá Àmì rí púlọ́mbà àti ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí. Mo ń tà á nítorí ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ parọ́. Ó kọ ọ́ síta gbangba lẹ́nu ọ̀nà oníbúrẹ́dì, pé kiní yìí ti ba ẹ̀yìn òun jẹ́, kẹ́ni tó bá lẹ́yìn ṣọ́ra. Òun Bàbá Àmì ló wá fi bírò pupa sọ ọ́ di ẹyin. Wọ́n fi ènìyàn mẹ́rin fà á jáde. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ tẹ ìdí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní kó lọ sùn sílẹ̀ gbalaja, kó má dìde fún ọjọ́ mẹ́wàá. "Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí," ó ní. "Ṣùgbọ́n àkísà ò gun ọkọ̀ eré."

Aránṣọ òpópónà kejì ò dá maṣíìnì padà. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní ọjà tí wọ́n bá ti tà tán, wọ́n ti tà á tán. Kò kúkú jẹ̀bi. Ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán aṣọ tó kù nílẹ̀ fún àwọn oníbàárà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá, nítorí yàrá yẹn ló nímọ̀lẹ̀ jù. Ní gbogbo ìgbà tí òwú bá tán, á na abẹ́rẹ́ sí i láìsọ̀rọ̀. Bàbá á ki òwú bọ̀ ọ́, á dá a padà. Abẹ́rẹ́ bí ogójì lójúmọ́. Kò bú u, kò kígbe, oúnjẹ ń dé lásìkò. Bàbá ní ìbá sàn kó bú òun. Ó ń bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ lálẹ́, èsì tó ń rí kò ju abẹ́rẹ́ mìíràn lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá wọn wọlé, ó gbé páálí kan lé e láyà, ó gbé bírò pupa lé e.

"Mo fẹ́ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó oníbúrẹ́dì. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Lẹ́tà gàdàgbà, ó wọ́ díẹ̀, nítorí ojú tó kọ ọ́:

OKO WA FUN TITA. O TI DAGBA SUGBON O SI LE SARE. MO N TA A NITORI EYIN. E WA GBE E LO.

Bàbá kà á. Ó tún un kà. "Ìyá wọn, kò lámì."

"Mo mọ̀."

"Tó bá lọ báyìí, àwọn èèyàn lè ṣì í kà. Wọ́n lè rò pé..."

"Pé kí ni?"

"Pé ọkọ ni. Pé ọkọ rẹ lo fẹ́ tà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀," Ìyá wọn wí. "Èyí tí wọ́n bá bá wá nínú méjèèjì, òun ni màá gbé fún wọn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ kó lè rí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀, kò rí i, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Ó mú bírò. Ó fi àmì sábẹ́ ọ àkọ́kọ́, ó fi sábẹ́ ìkejì. Tó bá dúró síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wà lórí páálí, ó ti dàgbà, ẹ wá gbé e lọ. Ó wá fa àmì dò sórí èyí tó gbẹ̀yìn, ó tún un fà, ó tún un fà lẹ́ẹ̀kẹta, títí bírò fi lu páálí náà.

"Eyin yìí ńkọ́?" ó béèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ̀yìn ni àbí ẹyin?"

"Ẹ̀yin lẹ lẹ́yìn tó ń dùn. Ẹyin ni tèmi. Mo ṣì ń wá adìẹ mi."

Ó fi àmì sí i. Ìyá wọn gba páálí, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó fi ìka wá ojú ihò tí bírò lu.

"Ó wà níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, Ìyá wọn. Mo fi gbogbo rẹ̀ sí i. Mo búra."

 Ìyá wọn lọ sójú fèrèsé, ó na páálí síta, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó sí gbàgede.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi ka nǹkan yìí. Mi ò lè fi ojú mi rí i, mi ò sì lè fi ti Bàbá wọn rí i mọ́."

Bàbá Àmì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó ń gbọ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń kà á síta, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, tó ń wá ibi tí irọ́ wà.